Wi-Fi tó ń já tí láptọ́ọ̀pù bá wà lórí bátìrì: èwo lẹ ó mú nínú ọ̀nà márùn-ún?

Bí Wi-Fi láptọ́ọ̀pù yín bá ń sáré dáadáa nígbà tí iná wà, tó wá ń ṣe ségesège ní kété tí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má tíì pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín láti bá wọn jà. Ó ṣeé ṣe kí ẹjọ́ náà wà lọ́rùn láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀. Ìlànà méjì ni Windows ní fún káàdì Wi-Fi: ọ̀kan fún ìgbà tí ṣájà wà lára ẹ̀rọ, èkejì fún ìgbà tó bá ku bátìrì nìkan. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, tí ṣájà bá wà níbẹ̀, káàdì náà á máa fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Tí ṣájà bá kúrò, Windows á ní kó máa tòògbé kí bátìrì lè pẹ́.

Ní ìlú tí iná kì í dúró lójú kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun èèyàn jù. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń gbé ní Under G tàbí Adénìkẹ́, tó ń fi hotspot fóònù ṣe iṣẹ́ project rẹ̀, orí bátìrì ló wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ fún oníbàárà ní káfẹ̀ kan ní Tàkìé, tó ń retí kí ẹni tó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ dé.

Ọ̀nà márùn-ún làwọn èèyàn sábà máa ń gbà yanjú rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n á yọ àmì kan kúrò níbì kan, Wi-Fi ò ní yí padà, wọ́n á wá gbà pé káàdì ti bàjẹ́. Àìsàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wò yàtọ̀ síra, ẹni tó bá mọ èyí ti bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó tí kò nídìí.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n wọn

Ìgbà tí Wi-Fi ń já ló wúwo jù lójú tèmi. Ṣé nígbà tí ẹ ń lò ó lọ́wọ́ ni, àbí nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí ẹ̀rọ lẹ́yìn tó ti sùn, àbí nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ láàárọ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá yín yan ọ̀nà tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo iye tí yóò ná yín, kì í sì í ṣe owó nìkan là ń sọ: bátìrì àti dátà náà ìnáwó ni. Ẹ tún wo bóyá àtúnṣe náà yóò dúró, torí àwọn kan wà tí Windows Update máa ń dá padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ sì wo ẹni tó ni ẹ̀rọ. Bí láptọ́ọ̀pù bá jẹ́ ti ọ́fíìsì, tí wọn ò sì fún yín ní password administrator, ọ̀nà kejì àti ìkẹta ò ní ṣeé ṣe.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Nígbà tí iná wà ni kí ẹ ṣe ìdánwò yìí. Tí iná bá ti lọ, ẹ ò ní mọ̀ bóyá router ló kú ni àbí láptọ́ọ̀pù ló ń tòògbé.

Ẹ ṣí Command Prompt (ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows; ẹ tẹ `cmd` sínú Start láti rí i), ẹ tẹ `ipconfig`, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú Default Gateway lábẹ́ Wi-Fi, ìyẹn àdírẹ́sì router tàbí hotspot yín. Ti MiFi Huawei sábà máa ń jẹ́ 192.168.8.1, ti hotspot iPhone sì ni 172.20.10.1. Ẹ wá tẹ `ping -t`, kí ẹ fi nọ́ńbà yẹn tẹ̀ lé e. Ìlà kọ̀ọ̀kan á máa jáde ní bí ìṣẹ́jú àáyá kan síra wọn; ibi tí wọ́n kọ `time=` sí ni kí ẹ tẹjú mọ́, ìyẹn iye mílísẹ́kọ́ńdì (ms) tí router fi dáhùn. Ẹ jẹ́ kó lọ fún bí ìṣẹ́jú méjì pẹ̀lú ṣájà, kí ẹ wá yọ ṣájà láìfọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Bí nọ́ńbà náà bá ti wà ní 2ms, 3ms, 5ms, tó wá ń fò lọ sí 90ms, 180ms, tàbí tí `Request timed out` bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lẹ́yìn tí ẹ yọ ṣájà, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Bí kò bá yàtọ̀, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ ń lò ó lọ́wọ́ ló ń já, ẹ fi ọ̀rọ̀ bátìrì sílẹ̀. Bí ping sí router bá ń lọ geere, àmọ́ tí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣí, ìta ni wàhálà wà, kò sì sí èyíkéyìí nínú ọ̀nà ìsàlẹ̀ yìí tó máa wò ó sàn. Ctrl àti C lẹ ó jọ tẹ̀ láti dá a dúró.

Ìdí tí nọ́ńbà fi ń fò bẹ́ẹ̀ ò ṣòroó mọ̀. Router máa ń kéde ara rẹ̀ ní bí ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mílísẹ́kọ́ńdì 102.4 ló sábà máa ń wà láàárín ìkéde kan sí èkejì. Káàdì tó ń tòògbé á jí gbọ́ ìkéde yìí. Bí wọ́n bá sọ nínú rẹ̀ pé ìsọfúnni kan ti dé tó jẹ́ tirẹ̀, á dìde gbà á. Bí kò bá sí, á padà sùn. Nítorí náà, ohun tó ti dé ọ̀dọ̀ router lè dúró de ìkéde tó kàn, tàbí èyí tó tún tẹ̀ lé e. Bí káàdì àti router bá mọ iṣẹ́ wọn, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára rárá. Àmọ́ àwọn router olówó pọ́ọ́kú kan àti hotspot àwọn fóònù kan kì í bá káàdì tó ń tòògbé ṣe dáadáa. Wọ́n lè da ìsọfúnni náà nù, wọ́n sì lè gbà pé láptọ́ọ̀pù ti kúrò nítòsí. Ibẹ̀ ni Wi-Fi ti ń já.

Ọ̀nà kìíní: Power Options

Èyí ni ti ẹni tí Wi-Fi rẹ̀ ń fà tàbí tó ń já nígbà tó ń lò ó lọ́wọ́ lórí bátìrì. Ẹ ṣí Control Panel, ẹ lọ sí Hardware and Sound, lẹ́yìn náà Power Options. Níwájú plan tí ẹ ń lò, ẹ tẹ Change plan settings, kí ẹ tún tẹ Change advanced power settings. Nínú àpótí kékeré tó bá ṣí, ẹ wá Wireless Adapter Settings, ẹ tẹ àmì + tó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Power Saving Mode tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ipò mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Maximum Performance, Low, Medium àti Maximum Power Saving. Ẹ yí On battery sí Maximum Performance, ẹ tẹ Apply, kí ẹ tẹ OK. Kò pọn dandan kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn. Bí ping ìṣáájú bá ṣì ń lọ, ẹ lè jókòó máa wo bí nọ́ńbà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Kí ló máa jẹ nínú bátìrì? Kò tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Ká ní bátìrì yín jẹ́ 41Wh, tí ẹ̀rọ sì ń jẹ wáàtì 8 nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀wé: wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 7 ló máa lò. Ká wá ní káàdì tí kò tòògbé mọ́ fi ìdajì wáàtì kún un, ó di wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 49. Ìṣẹ́jú 18 lẹ pàdánù. Bí ẹ bá dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù díẹ̀, ẹ lè gba gbogbo rẹ̀ padà, torí ojú ẹ̀rọ ń mu iná ju káàdì Wi-Fi lọ fíìfíì.

Ìkùdíẹ̀ káàtó rẹ̀ ni pé plan tí ẹ wà lórí rẹ̀ nìkan lẹ tún ṣe. Bí ẹ bá kúrò lórí Balanced bọ́ sí Power saver, ẹ ní láti tún un ṣe níbẹ̀ náà. Bákan náà, lórí Windows 10, battery saver máa ń tan ara rẹ̀ tí bátìrì bá ti wálẹ̀ sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe káàdì Wi-Fi ló ń bá jà, àmọ́ ó ń dá àwọn iṣẹ́ ẹ̀yìn dúró, bíi email tó ń wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé Wi-Fi tún ti bẹ̀rẹ̀.

Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun, ẹ lè má rí Wireless Adapter Settings rárá. Ẹ tẹ `powercfg /a` nínú Command Prompt. Bí ẹ bá rí `Standby (S0 Low Power Idle)` lára àwọn tó wà fún lílò, ìdí nìyẹn: irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń fi ọ̀pọ̀ ètò pamọ́. Ẹ lè fi àṣẹ méjì yìí gbìyànjú rẹ̀, kí ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator:

`powercfg /setdcvalueindex scheme_current 19cbb8fa-5279-450e-9fac-8a3d5fedd0c1 12bbebe6-58d6-4636-95bb-3217ef867c1a 0`

`powercfg /setactive scheme_current`

Òdo tó gbẹ̀yìn àṣẹ kìíní dúró fún Maximum Performance. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi 2 sípò rẹ̀ fún Medium, tàbí 3 fún Maximum Power Saving. Lẹ́tà kan tó bá yẹ̀ nínú nọ́ńbà gígùn yẹn, kò ní ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ dà á kọ tìṣọ́ra-tìṣọ́ra.

Ọ̀nà kejì: àpótí kékeré inú Device Manager

Èyí ni gbogbo ayé ń dárúkọ, òun náà sì làwọn èèyàn ń ṣì lò jù. Kì í ṣe ìtòògbé nígbà iṣẹ́ ló ń dá dúró. Ohun tó ń dí lọ́nà ni kí Windows pa káàdì náà pátápátá nígbà tí ẹ̀rọ bá sùn tàbí tí kò bá sí nǹkan tí ẹ ń ṣe. Nítorí náà, ẹni tó ṣí ìdérí láptọ́ọ̀pù lẹ́yìn kíláàsì, tí àmì Wi-Fi ti di àwòrán ayé róbótó, tàbí tí orúkọ hotspot kankan ò yọjú títí tó fi tún ẹ̀rọ tàn, òun ló nílò rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀tún tẹ Start, ẹ yan Device Manager, kí ẹ ṣí Network adapters. Orúkọ tí Wireless, Wi-Fi tàbí 802.11 bá wà nínú rẹ̀ ni ẹ ń wá. Ẹ fi àwọn WAN Miniport àti Bluetooth sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú `Allow the computer to turn off this device to save power`. Ẹ tẹ OK.

Kò gba owó, àmọ́ ó gba password administrator, bátìrì sì lè máa wálẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sùn nínú àpò. Àléébù rẹ̀ tó ga jù ni pé kì í dúró. Bí Windows Update bá gbé dráífà tuntun (ètò tí Windows fi ń darí káàdì) wọlé fún káàdì náà, àmì yẹn lè padà síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lórí àwọn ẹ̀rọ S0 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ojú ewé Power Management lè má sí rárá. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́.

Bí káàdì yín bá jẹ́ ti Intel, ẹ wo Advanced tó wà nínú àpótí kan náà. Ẹ lè rí MIMO Power Save Mode níbẹ̀. Bí ó bá ń pa eriali kan lórí bátìrì, ìyára á dín kù bí Wi-Fi ò tilẹ̀ já. Ẹ lè yí i sí No SMPS.

Ọ̀nà ìkẹta: Fast Startup

Ti ẹni tí Wi-Fi rẹ̀ ń kọ̀ láti yọjú nígbà tó bá tan ẹ̀rọ láàárọ̀, àmọ́ tó máa ń dáa tó bá tẹ Restart. Fast Startup kì í jẹ́ kí Windows pa tán nígbà tí ẹ bá tẹ Shut down. Ó ń kó apá kan rẹ̀ pamọ́ sórí díìsìkì, dráífà Wi-Fi wà lára rẹ̀, ohun tó sì dàrú lánàá lè bá yín jí lónìí. Restart kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú Power Options, ẹ tẹ Choose what the power buttons do, lẹ́yìn náà Change settings that are currently unavailable, kí ẹ yọ àmì Turn on fast startup. Ohun tó máa ná yín kò ju pé ẹ̀rọ á pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó tàn. Bó bá jẹ́ díìsìkì onírin tó ń yí lẹ ní, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Bó bá jẹ́ SSD, ó ṣòro kí ẹ mọ̀.

Ọ̀nà ìkẹrin: káàdì Wi-Fi tí a ń ki bọ ihò USB

Ibí ni owó ti bẹ̀rẹ̀. Kékeré tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tó ń gba 2.4GHz nìkan, ló rọ̀jù lọ́jà. Èyí tó ń gba 2.4GHz àti 5GHz wọ́n jù ú lọ. Ẹ má rà á kí ẹ tó gbìyànjú ọ̀nà kìíní àti èkejì, torí USB náà ní ètò ìṣọ́bátìrì tirẹ̀. Ẹni tó bá sá fún ìtòògbé káàdì inú lè bá òmíràn pàdé lórí USB. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ padà sí àpótí Power Options, ẹ wá USB settings, kí ẹ yí USB selective suspend setting sí Disabled lábẹ́ On battery.

Ohun kejì tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: ojú ihò USB 3.0, èyí tó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù nínú, máa ń dà ariwo sórí 2.4GHz nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ki káàdì kékeré yẹn bọ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hard disk USB 3.0, Wi-Fi lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ihò dúdú ti USB 2.0 ni kí ẹ fi í sí, tàbí kí ẹ fi okùn USB kúkúrú gbé e jìnnà sára ẹ̀rọ.

Ó yẹ ẹni tí káàdì inú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti bàjẹ́ lóòótọ́, tàbí tí káàdì náà ti gbó débi pé kò sí dráífà tó bá Windows tó wà lórí rẹ̀ mu. Fún ìtòògbé lásán, kò tọ́ sí owó náà.

Ọ̀nà ìkarùn-ún: okùn

Okùn ò ní í tòògbé. Fún fóònù Android, ẹ so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ lọ sí ibi hotspot nínú Settings, kí ẹ tan USB tethering. Bí kò bá ṣeé tàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ okùn tó ń gbé iná nìkan lẹ lò; irú rẹ̀ pọ̀ nígboro, wáyà tó ń gbé ìsọfúnni kò sí nínú rẹ̀.

Ìwà méjì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ṣáàjì lára láptọ́ọ̀pù. Ihò USB 2.0 lè fún un ní 500mA ní fóltì 5 (5V), wáàtì 2.5 nìyẹn, ìlọ́po márùn-ún ìdajì wáàtì tí a fi ṣírò lókè. Ẹni tó fẹ́ kí bátìrì pẹ́ gan-an kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe àṣà. Èkejì kan dátà: Windows máa ń ka okùn yìí sí Ethernet, ó sì ń gbà pé dátà ibẹ̀ kò lópin. Bí update ńlá bá wà nílẹ̀, á kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Ethernet, kí ẹ tan Metered connection.

Okùn Ethernet láti router ló fọkàn balẹ̀ jù nínú gbogbo wọn fún ọ́fíìsì àti káfẹ̀. Okùn Cat5e lè gùn tó mítà 100. Láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tí kò ní ihò rẹ̀ á nílò ohun tó ń yí USB padà sí LAN. Ẹ rántí pé àwọn HP kan máa ń pa Wi-Fi tí okùn bá ti wọlé. Ètò inú BIOS ni, kì í ṣe àìsàn.

Fún àwọn tó ń lo Ubuntu

Ẹ tẹ `iw dev` kí ẹ mọ orúkọ káàdì yín. Bó bá jẹ́ wlp2s0, ẹ tẹ `sudo iw dev wlp2s0 set power_save off`. Títí ẹ ó fi pa ẹ̀rọ nìkan ni èyí máa dúró. Kó lè dúró pẹ́, ẹ ṣí fáìlì `/etc/NetworkManager/conf.d/default-wifi-powersave-on.conf`, ẹ yí `wifi.powersave = 3` sí `2`, kí ẹ tẹ `sudo systemctl restart NetworkManager`. Ó máa ń dúró ju ti Windows lọ. Bí ẹ bá ní TLP (ètò kan tó ń ṣọ́ bátìrì) lórí ẹ̀rọ, ẹ yí `WIFI_PWR_ON_BAT` sí `off` nínú `/etc/tlp.conf`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa dá a padà nígbàkígbà tí ẹ bá yọ ṣájà.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi hotspot ṣiṣẹ́ lórí bátìrì, tí Wi-Fi rẹ̀ ń fà tàbí tó ń já nígbà tó ń kàwé lọ́wọ́: ọ̀nà kìíní, kó má lọ síbòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá jí ló ń sọnù, ọ̀nà kejì. Bó bá jẹ́ láàárọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ìkẹta. Ẹni tí Wi-Fi rẹ̀ ń já nígbà iṣẹ́, tó tún ń sọnù lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá jí, lè ṣe kìíní àti èkejì pọ̀, wọn ò ta ko ara wọn. Kó kọ́kọ́ wo fóònù náà pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ Android máa ń pa hotspot fúnra wọn tí ẹnikẹ́ni ò bá sí lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ọ̀pọ̀ MiFi sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Láptọ́ọ̀pù tó sùn nígbà oúnjẹ ọ̀sán lè jí kó má bá hotspot nílé.

Ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì láìní password lè gbìyànjú ọ̀nà kìíní. Bí wọ́n bá ti tì í pa, kó lo USB tethering fún iṣẹ́ kánjúkánjú, bíi ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ìpàdé Zoom. Káfẹ̀ àti business centre, okùn Ethernet ni. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ra mini UPS, ìyẹn bátìrì kékeré tó ń gbé router tí iná bá lọ. Bí fóltì 12 (12V) bá ni wọ́n kọ sára ṣájà router, fóltì 12 náà ni kí wọ́n rà. Káàdì USB, ẹni tí Device Manager kò tilẹ̀ rí káàdì inú ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ni kó lọ rà á, kó sì ní kí wọ́n dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, láìsí ṣájà lára rẹ̀, kó tó sanwó.